Òkè kan ṣoṣo la máa lọ

Ìdòwú mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kò tíì gun òkè rí. Òkè tó mọ̀ ò ju Òkè Balógun níbí ní Èpè lọ, àdúgbò tí à ń gun kẹ̀kẹ́ Márúwá kọjá. Nígbà tí mo sọ fún un pé a máa lọ sókè, ó bi mí pé, "Ta la fẹ́ lọ kí níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yìí ti di àríyànjiyàn láàárín ẹbí wa lórí WhatsApp. Bàbá Ìbejì ní kí a fi ọjọ́ mẹ́rin yí gbogbo rẹ̀ ká: Ìdànrè, Ìkógòsì, ìṣàn omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kí a wá gba Abẹ́òkúta wálé lọ wo Òkè Olúmọ. Àbúrò ọkọ mi kan ní kí a fi Adó-Àwáyè kún un, nítorí omi Ìyákẹ̀ tó wà lórí òkè níbẹ̀. Gbogbo wọn ló dára. Omi gbígbóná àti omi tútù ń pàdé ní Ìkógòsì lóòótọ́, ìpele méje sì ni omi Olúmirin fi ń já wálẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Mo fẹ́ fojú ara mi rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 71 ni Màmá, ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ta ẹja ní ọjà Ayétòrò, orúnkún wọn ò gba ìkánjú mọ́. Ọkọ̀ tún máa ń kọ́ Kẹ́hìndé lójú. Tí ó bá ti bì lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èrò tèmi ni pé Ìdànrè nìkan ni kí a lọ. Kí a sun òru mẹ́ta ní Àkúrẹ́, kí a sì gun òkè náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí tí mo fi ń ta kú mọ́ ọn nìyí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Òǹdó, a ní kí a yà sí Ìdànrè kí a tó máa bọ̀ nílé. Ó ti kọjá ọ̀sán kí a tó dé ìdí òkè. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí a háyà ní òun ò lè jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú òun lójú ọ̀nà, mi ò sì lè bá a jà lórí ìyẹn. Màmá ní àwọn á máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Èmi gan-an ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó ti Ìdòwú nínú ọkọ̀. A sáré gòkè, a ya fọ́tò, a sáré sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí a dé, Màmá bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n rí. Táyé ní, "A rí àtẹ̀gùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Ọmọ náà ò parọ́. Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà, a ò jókòó sí ọ̀kankan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ìlú odidi ló wà lókè níbẹ̀. Ààfin àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896 wà níbẹ̀, àti ojú ẹsẹ̀ Agboogun lórí àpáta, èyí tí ìtàn wọn sọ pé ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó bá tì í bọ̀ ọ́ mu, àfi tẹni tó bá jẹ́ àjẹ́. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ òkè yìí ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ogún àgbáyé. Kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn èèyàn ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sísàlẹ̀. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, orí òkè yẹn náà ni aboyún ń gbé, tí ìyá arúgbó ń gbé, tí wọ́n ń gbé ẹrù lọ gbé ẹrù bọ̀. Ta ló wá sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya fọ́tò nìkan ló ni òkè?

Nítorí náà, bí mo ṣe là á sílẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wa pátá la máa gòkè, ẹsẹ̀ Màmá la ó sì máa tẹ̀ lé. Tí wọ́n bá ní ibi ìsinmi kìíní ló tó, ibẹ̀ la ti máa jẹ mọ́ínmọ́ín wa, a ó wo ìlú nísàlẹ̀, a ó sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ó bá wù wọ́n. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Ìbejì á kó Táyé àti Kẹ́hìndé gòkè dé ààfin, èmi á dúró ti Màmá àti Ìdòwú. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra jù ni kó yan bí a ó ṣe rìn. Àwọn tó yára ti ní ọjọ́ tiwọn.

Ọ̀ràn ẹranko ló kù, ó sì ká mi lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará Èpè mọ ọjà wa. Ọmọ wa mọ ọ̀yà, ó mọ ìgalà, ó mọ akika, ṣùgbọ́n òkú wọn ló mọ̀. Lọ́jọ́ kan, akika kan ká jọ sínú agbọ̀n bí òkúta, Kẹ́hìndé ń wò ó, ó ní, "Màámi, ṣé eléyìí máa ń rìn?" Mi ò tíì rí ẹnì kan tó fi han ọmọ náà bí ó ṣe ń rìn. Láti 2017 ni àdéhùn àgbáyé ti ka òwò akika láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn sí èèwọ̀, síbẹ̀ inú agbọ̀n ni ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ohun tó wà láàyè, tó ń mí, tí ẹnikẹ́ni ò ní tà.

Mi ò sì ní ṣèlérí erin fún wọn. Láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ọ̀rẹ́, a máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó Ọmọ, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì láyé láti 1977. Àwọn erin igbó ṣì wà nínú rẹ̀, wákàtí díẹ̀ péré sí Èpè! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sọ ọ́ ṣáájú, ó sì lè rìn látàárọ̀ kó má rí ju ojú ẹsẹ̀ àti ìgbẹ́ erin lọ. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Tiwa ni pé kí a dín eré kù níbẹ̀, kí n sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ̀bá ilé àjànàkú là ń gbà kọjá.

Èyí tí mo ń wá kéré ju erin lọ. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí àpáta Ìdànrè tí wọn ò rí níbòmíràn láyé. 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀. Lẹ́yìn náà, ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ ò gbúròó rẹ̀, kó tó di pé àwọn olùwádìí tún bá a lórí òkè náà. Légbénlègbé rẹ̀ kì í gbé inú odò bíi tàwọn yòókù. Ara àpáta tí omi ń sun lé lórí ló máa ń lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń sáré gun àtẹ̀gùn ò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá Màmá jókòó síbi ìsinmi, tó bẹ̀rẹ̀ wo àpáta tó tutù, ìyẹn lè rí i. A ò ní fọwọ́ kàn án. Tí a ò bá sì rí i, aláǹgbá olórí pupa kún orí àpáta náà, àwòdì sì ń rà bàbà lókè.

Àsìkò ńkọ́? Ìsinmi Kérésì ò bá mi lára mu, ọyẹ́ máa ń bo òkè mọ́lẹ̀, èèyàn á gun òkè tán kó má rí nǹkan kan. Ìsinmi oṣù Kẹjọ ló burú jù fún Màmá, àpáta á ti hu èéhọ̀, á sì máa yọ̀. Mo yan ìsinmi Àjíǹde. Òjò àkọ́rọ̀ á ti fọ ojú ọ̀run mọ́, àpáta ò sì tíì máa yọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n òjò ìgbà yẹn ní àrá nínú, ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń dé. Orí àpáta gbalasa kì í ṣe ibi tó yẹ kí àrá ti bá ọmọ èèyàn. Agogo méje àárọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ọ̀sán ò gbọdọ̀ bá wa lókè.

Àǹfààní ará Èpè ni pé a ò ní bá ẹnikẹ́ni du ọ̀nà Bẹ́rígà ní Èkó. Tí a bá ti kírun Àsùbáà, Nòfọ́rìjà la máa gbà bọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí a tó mú ọ̀nà Ọ̀rẹ́. A ó sinmi ní Ọ̀rẹ́, kí Kẹ́hìndé fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kó mu omi, kó fá ọsàn. Láti Òǹdó lọ sí Àkúrẹ́, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ rọra. Ibẹ̀ ni àpáta ti ń yọ orí lẹ́yìn igi kòkó, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìdànrè ò tó 30 kìlómítà mọ́ láti Àkúrẹ́. A ò ní fi òru rìn rárá.

Bàbá Ìbejì ò tíì gbà tán lórí Ìkógòsì. Màmá ní tiwọn ti ra bàtà kánfáàsì funfun. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà nínú ilé wa. Láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun, wọ́n á gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Ìdòwú á dì mọ́ ìró wọn lẹ́yìn, á máa kà á.