Ta ló ń bá a túmọ̀?

Nọ́ọ̀sì bi obìnrin náà pé kí ló ṣe é lápá. Ọkọ rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní ó yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Obìnrin yìí ò gbọ́ èdè tí nọ́ọ̀sì ń sọ, ọkọ ló ń ṣe ògbufọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn wọn, tí mò ń dúró de nọ́ńbà tèmi, mo gbọ́ èdè méjèèjì. Kí ọkùnrin yẹn tó yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó kọ́kọ́ rọra sọ fún ìyàwó rẹ̀ ní èdè tiwọn, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pé: "Rántí pé ilé kan náà la jọ ń padà sí o." Obìnrin náà wolẹ̀. Ó ń fi àtàńpàkò ra etí ìborùn tó fi so apá kọ́ ọrùn, ó ń rà á lọ, ó ń rà á bọ̀.

Mi ò sọ nǹkan kan. Látìgbà náà ni mo ti ń wá àwáwí fún ara mi, pé kò kàn mí, pé bóyá mo ṣì í gbọ́. Irọ́ ni. Mo gbọ́ ọ ketekete.

Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi táwọn èèyàn bá ní "ṣebí òun ni kò sọ̀rọ̀." Ẹnu wo ni kó fi sọ ọ́? Tí obìnrin tó jẹ́ adití bá dé àgọ́ ọlọ́pàá, tí kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè àwọn adití níbẹ̀, ẹni tó bá a wá náà ni wọ́n máa ní kó túmọ̀. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ arọ fún èèyàn, tó ń bá a wẹ̀, tó ń ka oògùn fún un, lè jẹ́ ẹni tó ń fipá bá a lò pọ̀. Ti ẹni tó ṣí wá láti ìlú òkèèrè tún wà níbẹ̀: ọkọ ti tọ́jú ìwé ìrìnnà rẹ̀ pa mọ́, ó ń sọ fún un pé tó bá fẹjọ́ sùn, wọ́n á dá a padà sílùú rẹ̀. Amẹ́ríkà ṣòfin kan ní 1994 tó jẹ́ kí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ onílùú ń lù lè fúnra rẹ̀ béèrè ìwé ìgbélùú láìsọ fún ọkọ. Òfin tó dáa ni, àmọ́ tó bá jẹ́ ọkọ ló ń ka gbogbo lẹ́tà tó ń wọlé, ta ni yóò sọ fún un?

Ní 1991, Kimberlé Crenshaw, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa obìnrin kan tó ń sọ èdè Spanish. Ọkọ rẹ̀ ti ní òun máa pa á, obìnrin náà àti ọmọkùnrin rẹ̀ sì sá kúrò nílé. Ibi tí wọ́n ti ń gba irú wọn sílé ò gbà á, torí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ rẹ̀ ní òun máa bá a túmọ̀, wọ́n kọ̀. Kí n má purọ́, ara ìdí tí wọ́n sọ tọ̀nà lójú mi: kò yẹ kọ́mọ máa fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn bí wọ́n ṣe lu ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí ò bá ní ògbufọ̀ ló wá yẹ kó sùn síta?

Àkókò ò sì dúró deni. Oògùn tó ń dènà HIV fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, inú wákàtí 72 ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. "Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé, ògbufọ̀ á ti dé" lè ná èèyàn ní ìyókù ayé rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Ẹ ní kí ẹni tó bá a wá jókòó síta, pé ẹ fẹ́ yẹ aláìsàn wò. Kẹ́ ẹ wá pe ògbufọ̀ lórí fóònù, kó sì jẹ́ ẹni tó jìnnà dáadáa, torí níbi táwọn tó ń sọ èdè kan ò bá ti pọ̀, gbogbo wọn ló mọra. Ilẹ̀ ò ní ṣú kọ́rọ̀ tó dé etí ọkọ. Ẹ bi í bóyá obìnrin ló fẹ́ kó bá òun túmọ̀. Kó sì jẹ́ ẹni tó mọṣẹ́ o! Obìnrin lè sọ pé "ó yọ mí lẹ́nu" torí ìtìjú ò jẹ́ kó pe nǹkan lórúkọ. Tí ògbufọ̀ ò bá bi í síwájú sí i, ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ ti di ẹjọ́ ìyọlẹ́nu nìyẹn.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣe tán, ó na ìwé oògùn sí obìnrin náà. Ọkọ ló gbà á. Ó ká a, ó fi sápò, ó dúpẹ́ lórúkọ àwọn méjèèjì. Wọ́n wá pe nọ́ńbà tèmi.