Ta Ló Ń Dúró De Ìwé Rẹ?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Níbi ìpàdé àwa tí a ń kọ̀wé ní Adó-Èkìtì níbí, àgbà kan tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún dìde, wọ́n ní kí á yéé fi gbèdéke há ara wa mọ́. Wọ́n ní ìwé kíkọ kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba. Pé ìgbà tí ìmísí bá dé ló dé. Pé ẹni tó ṣèlérí ní January, tí iṣu tuntun wá jáde tí kò tíì kọ ojú ewé kan, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kó lọ sinmi. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbé e sórí status WhatsApp wọn lọ́jọ́ kìíní ọdún pé "ọdún yìí ni màá parí ìwé mi" ló pàtẹ́wọ́ jù. Mo dákẹ́ níjókòó, torí a kì í já àgbà lẹ́nu láàárín èrò. Ṣùgbọ́n mi ò gbà, mo sì ń sọ ọ́ níbí pé mi ò gbà.

Mo mọ gbogbo àwíjàre wa. Iná ò sí, owó ò sí, iṣẹ́ oṣù ò jẹ́ kí èèyàn mí, ọmọ ń sunkún. Mo jẹ́ olùkọ́, ilé ń dúró dè mí bí mo bá ti kúrò ní kíláàsì, ẹ ò lè ròyìn èyí fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ wa. Lọ́dún 1985, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ewì jáde nínú Sunday Tribune lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwé ìròyìn kì í dúró de ìmísí. Bí ọjọ́ Àìkú bá ti ń bọ̀, ewì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, torí ẹni tó fi owó rẹ̀ ra ìwé ìròyìn náà máa ṣí i wò. Ẹnì kan ń retí rẹ̀.

Ẹlòmíì á ní, ṣebí NaNoWriMo, ìpèníjà ìwé ìtàn kíkọ tí àwọn òyìnbó ń ṣe lọ́dọọdún, pàápàá ti kógbá sílé. Òótọ́ ni. Láti 1999 ni wọ́n ti ń ṣe é, kí èèyàn kọ ọ̀rọ̀ 50,000 láàárín oṣù kan péré, November ló sì wá di oṣù rẹ̀, nǹkan bí 1,667 lóòjọ́. Ní ìparí March 2025 ni wọ́n kéde pé àwọn ń ti ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ owó sì wà lára ohun tí wọ́n ní ó fà á. Ẹgbẹ́ náà ló tú ká. Ìyẹn ò sọ pé ohun tó ń mú àwọn èèyàn kọ̀wé níbẹ̀ kò dáa. Òǹkà yẹn nìkan kọ́ ló sì mú wọn kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn jọ ń kọ ọ́ nínú oṣù kan náà ni, wọ́n ń bi ara wọn pé, "Ibo lo dé?"

Ìbéèrè yẹn ni kò sí láàárín wa. Èkìtì ni wá, a máa ń yangàn pé ìlú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni tiwa. Ẹ wọ agboolé mẹ́wàá, kí ẹ béèrè ìwé kékeré kan tí wọ́n kọ ìtàn agboolé náà sí. Ẹ sọ iye tí ẹ bá rí fún mi. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lọ, a sì ń na owó rẹpẹtẹ síbi òkú wọn, a ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú aláwọ̀ mèremère, ojú ewé kan péré nínú rẹ̀ ni ìtàn ìgbésí ayé wọn, ẹni tó kọ ọ́ gan-an kò mọ ọdún tí wọ́n gbéyàwó.

Gbogbo àwọn tó ń sọ pé àwọn fẹ́ kọ̀wé lọ́dún yìí, fóònù ni wọ́n sọ ọ́ fún. Wákàtí mẹ́rìnlélógún, status ti pòórá. Ta ló máa bi ẹ́? Ta ló ń dá èésú fún ara rẹ̀ nìkan?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wà ní Ìyìn-Èkìtì fún yín.

Màmá wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé ní January 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n kàwé, wọ́n di tísà, wọ́n kọ́ àìmọye ọmọ, wọ́n fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa kọ ìtàn agboolé bàbá àwọn, àti ti ìyá àwọn, amọ̀kòkò tí wọ́n gbé níyàwó wá láti Ìsàn-Èkìtì. Wọ́n ní tí àwọn bá fẹ̀yìn tì. Wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní tí àwọn bá ti pa páànù ilé dà. Wọ́n pa á dà. Wọ́n ní kí àbíkẹ́yìn ṣègbéyàwó ná. Àbíkẹ́yìn ti bímọ.

Ẹni tó mú wọn bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Ìyá Alélùbọ́ ni, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré. Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Lọ́dún 1955 yẹn, bàbá Màmá ní kó lọ sí ilé-ìwé, bàbá Ìyá Alélùbọ́ ní oko ni tirẹ̀. Ìyá Alélùbọ́ ò mọ̀wé kà títí dòní. Lọ́jọ́ ọjà kan, Màmá ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń sọ ìtàn bí òjò ṣe ba ìkòkò ìyá àwọn jẹ́ nígbà kan. Ìyá Alélùbọ́ ní, "Tísà, kọ ọ́. Bí ọjà bá tún pé, kí o wá kà á fún mi."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjà ìlú ń pé lọ́rọọrún, bó bá sì ti pé, Màmá gbọ́dọ̀ ní ojú ewé kan lọ́wọ́, iwájú àti ẹ̀yìn, nínú ìwé 60 leaves tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò.

Mo tẹ̀lé wọn lọ nígbà kan. Ìyá Alélùbọ́ ò fi ọjà sílẹ̀ láti gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ń fi kóńgò wọn èlùbọ́, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ gé orí rẹ̀, wọ́n ń gba owó, wọ́n ń fún èèyàn ní ṣéńjì. Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n wọ dígí wọn, wọ́n ń kà á pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń ka ìwé fún kíláàsì. Wọ́n kà á dé ibi tí wọ́n ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń sun ìkòkò ní Ìsàn, pé wọ́n máa ń kó o sínú ààrò, wọ́n á sì ti ẹnu rẹ̀ pa. Ìyá Alélùbọ́ gbé kóńgò dúró.

"Má kà á kọjá. Ààrò wo?"

Màmá ní ààrò tí wọ́n fi ń sun ìkòkò ni.

"Tísà, kò sí ààrò kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa ni. Wọ́n á to igi, wọ́n á to ìkòkò lé e, wọ́n á kó koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́. Mo bá ìyá mi lọ ra ìkòkò níbẹ̀, ojú mi ló ṣe. Ìwọ ò débẹ̀."

Òótọ́ ni. Ìyá Màmá ò mọ ìkòkò mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n wálé ọkọ ní Ìyìn. Ohun tí Màmá rí nínú ìwé ni wọ́n kọ. Wọ́n yọ báírò, wọ́n fa igi sí gbogbo ìlà yẹn lójú ọjà níbẹ̀, wọ́n sì ní kí Ìyá Alélùbọ́ tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà kan tó ń dúró de èlùbọ́ dá sí i, ó ní ìyá òun máa ń sọ pé imọ̀ ọ̀pẹ náà wà nínú ohun tí wọ́n ń kó bò ó. Màmá kọ ìyẹn náà.

Lọ́jọ́ ọjà mìíràn, orúnkún ń ro Màmá, wọn ò jáde. Kò tíì tó ọ̀sán tí ọmọ-ọmọ Ìyá Alélùbọ́ fi dé ẹnu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá wa ní kí n bi yín pé ùwé dà?" Màmá ní kó lọ sọ pé ara àwọn ò yá. Ọmọ náà ní wọ́n ní òun ò gbọdọ̀ padà lọ́wọ́ òfo. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo Màmá. Màmá mú ìwé, wọ́n kọ ojú ewé náà tán lójú rẹ̀, ọmọ yẹn ló lọ kà á lọ́jà. Tí ẹ bá bi mí ohun tó ń jẹ́ gbèdéke, ọmọ yẹn lórí àtẹ̀gùn ni.

Báyìí ni ìwé 60 leaves kan ṣe kún, tí èkejì kún, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta. Ẹni tí kò kọ nǹkan kan ní gbogbo ọdún tí gbogbo wa ń sọ fún un pé kó kọ ọ́! Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ìwé máa wá fúnra rẹ̀, mo mọ bí kì í ṣe é wá.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dà mí rú rèé.

Lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá, ọmọ Ìyá Alélùbọ́ bímọ ní Ìbàdàn, wọ́n sì lọ bá a wẹ ọmọ. Wọn ò tíì padà. Àwọn ọmọ wọn ní kí wọ́n dúró síbẹ̀, pé ọjà ti tó. Màmá ò sì kọ ìlà kan láti ìgbà náà. Èmi ló wá ń pè wọ́n báyìí, gbogbo ọjọ́ ọjà. Wọ́n á ní, "Mò ń kọ ọ́." Mo wá láti Adó, wọ́n gún iyán fún mi, wọ́n béèrè ọkọ, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè bóyá ìjọba ti san àjẹsílẹ̀ wa. Ìwé náà wà lábẹ́ Bíbélì lórí tábìlì, báírò wà nínú rẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ibi tí bàbá wọn àti àbúrò rẹ̀ ti ń jà lórí owó kòkó ló dúró sí. A dán fóònù wò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ọmọ ìkókó ń ké lápá ọ̀hún, Màmá ní àwọn ò rí ojú ẹni tí àwọn ń kà á fún, wọ́n pa fóònù.

Mo ti rò ó títí. Èmi náà ń dúró de ìwé yẹn, ọkàn mi wà níbẹ̀ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ síbí lọ. Ṣùgbọ́n èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sun ìkòkò. Bí Màmá bá ní ààrò ni, ààrò náà ni màá gbà. Mi ò lè ní kí wọ́n gbé ìwé dúró, kí n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Bóyá èyí ni wọ́n ń wá lọ́jà lọ́rọọrún, kì í ṣe ẹni tó kàn ń béèrè pé ìwé dà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé gbogbo ẹgbẹ́ tí à ń dá sílẹ̀ ní Adó, tí a ń fi orúkọ ẹni tó kọ̀wé àti ẹni tí kò kọ sí ara ògiri, kò tíì tó. Mi ò mọ ohun tó máa tó o. Mi ò sì mọ bí a ṣe ń rọ́pò ẹnì kan ṣoṣo tó bá lọ sí Ìbàdàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò ní gbà pé kí Màmá "lọ sinmi." Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìyìn tàbí Ìgèdè, tí ẹ ní ìyá tàbí bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó mọ ìtàn àwọn agboolé ìgbà kòkó, tí kì í fara mọ́ ọ̀rọ̀ tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ gbé wọn wá kí Màmá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Màá ra èlùbọ́ dání.