Tẹ́ẹ̀pù tí ẹ lẹ̀ mọ́ kámẹ́rà kò dí ráda lọ́wọ́

Ẹnìkan tún ti ń sọ ọ́ kiri pé Pixel 4, fóònù Google tí a ń juwọ́ sí tó sì ń yí orin padà, kámẹ́rà iwájú rẹ̀ ló ń wo ọwọ́ wa. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kámẹ́rà kọ́, ráda ni: ẹ̀rọ tó ń ta ìgbì rédíò jáde, tó ń fi èyí tó padà mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ wo Nest Hub kejì, ẹ̀rọ inú ilé tó ní ojú bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré, tí Google gbé jáde ní 2021. Kò ní kámẹ́rà kankan lára. Síbẹ̀, bí orin bá ń lọ tí ẹ sì na àtẹ́lẹwọ́ sí i lọ́ọ̀ọ́kán, láìfọwọ́ kàn án, orin á dúró. Kí ló rí ọwọ́ yín?

Soli ni, ráda tó ti wà lókè ojú Pixel 4 láti 2019. Chip rẹ̀ kò ju mílímítà 5 ní fífẹ̀ àti 6.5 ní gígùn lọ. Áńtẹ́nà kan ń ta ìgbì 60 GHz jáde, mẹ́ta ń gba èyí tó padà. Bí ọwọ́ bá ń sún mọ́ fóònù ní mítà 1 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbì tó padà á fi nǹkan bí 400 Hz (iye ìgbà tí ìgbì ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ga ju èyí tó jáde. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ọwọ́ ń bọ̀. Bí ìgbì náà ṣe dé áńtẹ́nà kan ṣáájú èkejì ló fi mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Kò sí àwòrán ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ńkọ́? FCC, àjọ tó ń bójú tó ìgbì rédíò ní Amẹ́ríkà, ní láti fọwọ́ sí Soli, ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2018 ni wọ́n sì tó ṣe é. Ní 2019, Íńdíà kò gba irú ìgbì bẹ́ẹ̀ láàyè, Pixel 4 kò sì dé ọjà wọn. Ta ló ń tọrọ àṣẹ ìgbì nítorí kámẹ́rà? Níbi tí kò bá ti ní àṣẹ, Motion Sense, orúkọ tí Google fún juwọ́-sí-fóònù yìí, kì í ṣiṣẹ́, Nàìjíríà kò sì sí lára àwọn ilẹ̀ tí Google kà sílẹ̀. Bí Pixel 4 tòkunbọ̀ yín kò bá dá ọwọ́ yín lóhùn, ẹ má wulẹ̀ náwó pààrọ̀ kámẹ́rà.

Lóòótọ́, fóònù LG G8 fi kámẹ́rà ṣe tirẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe Soli. Ti Pixel 4, bí ẹ bá nawọ́ láti gbé e, ráda ló kọ́kọ́ mọ̀, kó tó jí kámẹ́rà tó ń dá ojú mọ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kó wọ Settings, kó tẹ System, kó wá pa Motion Sense níbẹ̀.