Rocket Kọ́ Ni Ọkọ̀ Ojú Irin Àkọ́kọ́

Tí olùkọ́ bá bèèrè pé, "Ta ló kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ ojú irin?", gbogbo kíláàsì á pariwo: "George Stephenson!" Àwòrán Rocket, ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè yẹn, á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà rárá, ó sì ń dùn mí, torí iṣẹ́ ẹlòmíì ló gbé fún un.

Ọdún 1829 ni Rocket jáde. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1804, orí ọkọ̀ tí Richard Trevithick ṣe ní Penydarren, ní Wales, ti fa irin tọ́ọ̀nù 10 àti nǹkan bí 70 ọkùnrin fún máìlì 9. Ó gbà á ní wákàtí 4 ó lé díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò já a kulẹ̀. Irin ojú ọ̀nà ayé ìgbà yẹn ni kò lè gba ìwúwo rẹ̀, ńṣe ló ń ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tó di 1812, orí ọkọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Salamanca ti ń fa èédú ní Leeds, ní England.

Kí wá ni Rocket fi ta yọ? Ó mọ omi í hó, torí ooru omi tó ń hó ló ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tó ṣáájú, páìpù gbàǹgbà kan ni iná sábà máa ń gbà kọjá láàárín omi. Henry Booth, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Liverpool sí Manchester, ló dábàá pé kí wọ́n pín in sí páìpù púpọ̀, Robert, ọmọ George, sì kàn án pọ̀ ní Newcastle: páìpù bàbà 25, omi yí gbogbo wọn ká. Ẹni tó bá ti dáná ìnáwó rí mọ̀ ohun tí mò ń sọ: ibi tí iná bá ti fara kan pọ̀, ibẹ̀ lomi ti ń tètè hó. Ooru omi tó ti ṣiṣẹ́ tán á wá tú sínú ọ̀pá èéfín, á máa fa afẹ́fẹ́ wọ inú iná bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Trevithick náà ti tú tirẹ̀ síbẹ̀ ṣáájú.

Ní oṣù Kẹwàá 1829, wọ́n fi àwọn orí ọkọ̀ díje ní Rainhill, ní England. Èyí tó ń jẹ́ Novelty ni èrò fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ó bàjẹ́ lójú ìdíje. Òmíràn, Sans Pareil, náà bàjẹ́. Rocket nìkan ló parí, ó sáré tó nǹkan bíi máìlì 30 ní wákàtí nígbà tó yára jù, ó sì gba pọ́n-ùn 500. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn, mi ò bá a jà sí i.

Ní 1833, Trevithick kú ní Dartford láìní owó lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló dáwó sin ín.