Kì í ṣe ahọ́n nìkan ló ń jẹun

Ibi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ pé ahọ́n nìkan ló ń sọ bí oúnjẹ ṣe dùn tó yẹn, mi ò gbà o. Ọ̀fìnkìn mú mi lọ́dún tó kọjá, imú mi dí pátápátá, ìyàwó mi wá ro ẹ̀fọ́, ó da irú pẹ̀tẹ̀ sí i dáadáa, mo mọ iyọ̀, ata ń ta mí lẹ́nu, àmọ́ irú yẹn, àfi bíi pé wọn ò fi sí i rárá, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ ń lá àwo tiwọn.

Ẹni tó sọ lókè yẹn pé irọ́ òyìnbó ni pé etí náà ń bá wa mọ adùn oúnjẹ, ẹ má bínú, kì í ṣe irọ́. Àwọn olùwádìí méjì, Charles Spence àti Massimiliano Zampini, ṣèwádìí ẹ̀ ní Yunifásítì Oxford, 2004 ló jáde, wọ́n ní káwọn èèyàn máa gé Pringles, ìpékeré ọ̀dùnkún tó máa ń ró lẹ́nu yẹn, jẹ, wọ́n wá ń fi ìró ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn létí, tí wọ́n bá ti gbé ìró yẹn sókè, àwọn tó ń jẹ ẹ́ á ní èyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, èyí ló gbẹ dáadáa. Ṣebí gaàrí Ìjẹ̀bú náà nìyẹn? Omi tútù kan náà, ṣúgà kan náà, tó bá ti wú tí ò ró léyín mọ́, kò dùn mọ́ nìyẹn. Ojú náà ń jẹun o, èyí tó sì ń dùn mí jù níbẹ̀ ni tàwọn tó ń po aró mọ́ epo pupa. Mo ra ìgò kan bẹ́ẹ̀, ó pupa fòò, ojú mi ti jẹ ẹ́ kí n tó sanwó, ìgbà tí mo dà á síná ni mo rí i pé kò tiẹ̀ rùn bí epo.