Orin bàbá yín, orúkọ ta ló wà lára rẹ̀?

Bí ọ̀rọ̀ olè orin bá ti délẹ̀ ní Ìlọrin, ọmọ tó gbé kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó ń kó orin sínú mẹ́mọ̀rì fún èèyàn, ni gbogbo wa máa ń nawọ́ sí. Òun lolè, òun ni kò jẹ́ kí àwọn olórin wa rí jẹ. N ò gbè sẹ́yìn rẹ̀ o, ohun tó ń ṣe kò bófin mu. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, olè kékeré ni. Ẹ̀dà orin ló ń tà, kò sọ pé òun ló ni orin. Ẹni tó yẹ ká máa bẹ̀rù kì í jókòó sójú títì. Inú yàrá ló wà, ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ kọ orin olórin sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó sì ń wọlé fún un látara gbogbo ẹni tó bá fi orin náà sí YouTube, títí kan ọmọ bíbí ẹni tó kọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé YouTube mọ ẹni tó ni orin. Kò mọ̀ ọ́n. Content ID tí wọ́n gbé jáde ní 2007 kì í ṣe adájọ́, ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wé ohùn ni. Ẹnìkan á gbé orin fún un, á ní òun lòun ni ín, ẹ̀rọ á sì gba àmì orin náà sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ̀ka. Láti ọjọ́ náà, fídíò yòówù tí ohùn inú rẹ̀ bá bá a mu, ẹ̀rọ á lọ pe ẹni tó gbé e wá. Ẹni yẹn lè ní kí wọ́n dí fídíò náà, ó lè ní kí owó ìpolówó orí rẹ̀ máa bọ̀ lápò òun, ó sì lè fi sílẹ̀ kó kàn máa ka iye èèyàn tó ń wò ó. Owó ni ọ̀pọ̀ wọn ń mú.

YouTube kì í fún gbogbo ayé ní Content ID. Àwọn iléeṣẹ́ orin ńlá ló ní in, àti àwọn distributor, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá olórin gbé orin lọ sí Spotify, Boomplay, Audiomack àti YouTube: DistroKid, TuneCore, CD Baby àti irú wọn. Ibẹ̀ gan-an lògiri ti lanu. Ẹnikẹ́ni tí káàdì báńkì rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ irú wọn, kó da rẹ́kọ́ọ̀dù dàdàkúàdà àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kó fi máàkì sí ibi tí wọ́n ti ní kó jẹ́rìí pé òun lòun ni orin, kó sì ní kí wọ́n tan Content ID fún òun. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ìwé dà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ olórin náà á fi orin bàbá rẹ̀ sí YouTube fún ìrántí, wọ́n á sì kọ̀wé sí i pé orin ẹlòmíràn ló gbé.

Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má pa fídíò náà rẹ́ tìbínú-tìbínú. Ẹ wọ YouTube Studio, ẹ lọ sí Content, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ "Copyright" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò náà, ẹ wo orúkọ ẹni tó gbé e dé àti ìṣẹ́jú ibi tó ní ohùn òun wà, kẹ́ ẹ tó yan Dispute. Ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Tẹ́ ẹ bá jà án láàárín rẹ̀, YouTube á di owó náà mú láti ọjọ́ kìíní títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú, ẹni tó bá borí ló máa kó o. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ìjà ni wọ́n á ti máa kà á, èyí tó ti lọ ti lọ. Ẹni náà ní 30 ọjọ́ láti fèsì. Tó bá dákẹ́, ẹ̀sùn náà di òfo nìyẹn. Tó bá ta kú, ẹ lè pẹ̀jọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ọjọ́ méje ni yóò ní láti dáhùn ìyẹn.

Èsì tẹ́ ẹ bá kọ ló ń bà á jẹ́ fún ọ̀pọ̀. Wọ́n á kọ ọ́ pé "n kì í ṣe olè o, mo kàn fẹ́ràn orin yìí ni", tàbí "mi ò fi pawó". Ìyẹn ò wúlò lójú òfin. Ohun tó wúlò ni: orúkọ ẹni tó kọrin, ọdún tí wọ́n gbà á sílẹ̀, iléeṣẹ́ tó gbé e jáde bí ó bá wà lára ìwé rẹ́kọ́ọ̀dù, bí ẹ ṣe jẹ́ sí olórin náà, àti gbólóhùn kan pé ẹbí kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ. Mẹ́rin sí márùn-ún ìlà, ó tó.

Níbi tí mo ti bínú sí àwọn iléeṣẹ́ ńlá yìí ni ìpele tó kàn. Tí ẹni náà bá kọ ìbéèrè pé kí wọ́n yọ fídíò kúrò pátápátá, máàkì burúkú lẹ máa gbà lórí chánẹ́ẹ̀lì yín. Mẹ́ta rẹ̀ láàárín 90 ọjọ́, chánẹ́ẹ̀lì di títì. Ẹ lè kọ counter notification láti ta kò ó, ẹni náà á sì ní 10 ọjọ́ iṣẹ́ láti fi hàn pé òun ti gbé yín lọ sílé ẹjọ́. Ó dáa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú ìwé yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ yín gan-an àti àdírẹ́sì ilé sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbà pé ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà láṣẹ lórí yín. Ẹ wá sọ fún mi, ta ni yóò jókòó ní Pàkátà tàbí Òkèlele, tí yóò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pe òun lẹ́jọ́ ní Kalifọ́níà nítorí orin bàbá rẹ̀? Olè mọ̀ pé ẹ ò ní fọwọ́ sí i. Lílu bọ́tìnnì ni ẹ̀sùn, ìwé ńlá ni ìdáhùn. Àwọn tó ṣe é bẹ́ẹ̀ lè tún un ṣe bí wọ́n bá fẹ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ kò ní ẹni tó ni ín mọ́. Ìdajì òótọ́ nìyẹn, ìdajì yẹn ló sì ń kó bá wa. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà nínú orin kan. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ àti ohùn orin tí olórin gbé kalẹ̀, èkejì ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù tàbí kásẹ́ẹ̀tì. Òfin kọ́píráìtì wa ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, fún ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó kọ ọ́ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohùn orí rẹ́kọ́ọ̀dù, 50 ọdún péré. Ẹ wo Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú, àgbà olórin dàdàkúàdà, tó kú ní 1997. Rẹ́kọ́ọ̀dù tí ó bá gbé jáde ní 1974, 50 ọdún rẹ̀ ti pé nígbà tí 2024 parí. Ṣùgbọ́n ewì tó wà nínú rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, ó di ìparí 2067 kó tó di ti gbogbo ayé. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé rẹ́kọ́ọ̀dù ti gbó ṣì ní ẹbí láti lọ bá sọ̀rọ̀.

Oríkì yàtọ̀. "Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀" kì í ṣe ti olórin kankan, bẹ́ẹ̀ ni ìlù tí gbogbo onídàdàkúàdà ń lù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun lòun ni ín, irọ́ ni. Ohun tó lè jẹ́ tirẹ̀ ni ohùn tó fi kì í lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe wà nínú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe bíìtì ní Tanke náà ní tiwọn. Púpọ̀ nínú wọn ń mú loop, ìyẹn ègé ìlù tàbí ohùn tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, inú FL Studio tí wọ́n fi ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà, tàbí èyí tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, loop kan náà tí ẹgbàágbèje èèyàn ń lò. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń tan Content ID sórí orin tó ní irú loop bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ò ní mọ̀ pé loop ni, gbogbo ẹni tó bá lò ó lágbàáyé ni yóò máa fi ẹ̀sùn kàn lórúkọ yín, distributor yín sì lè ti àkáǹtì yín nítorí ẹ̀. Bíìtì tí ẹ yá lò, tí ẹni tó ṣe é ṣì ń tà fún ẹlòmíràn, bákan náà ni. Content ID wà fún orin tó jẹ́ tiyín nìkan ṣoṣo, láti ìlù dé ohùn.

Mo tún fẹ́ sọ èyí, kó má bàa dà bíi pé iléeṣẹ́ òyìnbó nìkan lẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbà orin sílẹ̀ nílùú yìí, FL Studio tí wọ́n jí ni wọ́n ń lò. Olórin á jókòó níwájú ẹ̀rọ olè, á máa sunkún pé wọ́n ń jí orin òun. Yàtọ̀ sí pé kò dáa, ewu wà níbẹ̀: wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa antivirus kẹ́ ẹ tó fi sí i, ohun tó sì bá a wọlé lè jí ìwọlé Gmail àti chánẹ́ẹ̀lì YouTube yín gbé láìjẹ́ pé ẹ sọ password fún ẹnikẹ́ni. FL Studio fúnra rẹ̀ ní èyí tí ẹ lè fi gbìyànjú lọ́fẹ̀ẹ́, kò kàn ní jẹ́ kẹ́ ẹ tún ṣí iṣẹ́ tí ẹ fi pamọ́ àfi tẹ́ ẹ bá rà á. Fún ẹni tó kàn fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, Audacity jẹ́ ọ̀fẹ́, REAPER sì jẹ́ 60 dọ́là fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré.

Ìwé ló kù. Kí orin tó kúrò níbi tí wọ́n ti gbà á, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ sílẹ̀: ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ẹni tó ṣe bíìtì, onílù, elégbè. Kí iye ìpín pé 100, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Onílù tí wọ́n sanwó fún lójú ẹsẹ̀, kí ó wà nínú ìwé pé owó náà ló gbà, kò nípìn-ín. Bí mákẹ́tà bá ní òun ra orin, ọ̀rọ̀ ẹnu kò gbé ẹ̀tọ́ lọ, àfi ìwé.

Orúkọ tún ń fìyà jẹ wá. "Alhaji", "Alh.", "Alfa", "Ambassador": bí mákẹ́tà mẹ́ta bá fi oríṣi mẹ́ta kọ orúkọ ẹnìkan, ojú ewé mẹ́ta ló máa ní lórí Spotify. Èyí tó burú jù ni pé ISRC mẹ́ta ni orin kan náà máa gbà. ISRC ni àmì ìdánimọ̀ orin, lẹ́tà àti nọ́ńbà tó jẹ́ 12 lápapọ̀, tí wọ́n fi ń ka iye ìgbà tí wọ́n gbọ́ orin. Láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó 1,000 ìgbà láàárín oṣù 12, Spotify kì í san owó kankan lórí ẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀: 700 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 2,100, ṣùgbọ́n òdo ni wọ́n máa san. Tẹ́ ẹ bá ń kúrò lọ́dọ̀ distributor kan, ẹ kọ ISRC àtijọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ tuntun, kí iye tó ti wà nílẹ̀ má bàa ṣòfò.

Ẹ má fi nọ́ńbà fóònù sára àwòrán orin. Mo mọ̀ pé àṣà wa ni, ti mákẹ́tà, ti olórin, ti ẹni tó ya àwòrán. Wọ́n á dá a padà. Kí àwòrán jẹ́ píksẹ́lì 3000 sí 3000, kí orin jẹ́ fáìlì WAV tí wọn kò tíì fún pọ̀, kó má ṣe jẹ́ èyí tó ti gba WhatsApp kọjá.

Fídíò òde àríyá ńkọ́? Ẹni tó ya fídíò lójú agbo kì í ṣe ẹni tó ni orin, bí onínàáwó tilẹ̀ sanwó fún un. Òfin fún olórin ní àṣẹ lórí gbígbà ìṣeré rẹ̀ sílẹ̀. Kí olórin fi gbólóhùn kan sínú ìwé tí wọ́n fi gbà á lóde: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ òun. Owó tí rédíò àti hòtẹ́ẹ̀lì ń san, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà wá, lọ́dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin fún àwọn olórin, tí NCC fún láṣẹ ní 2017. NCC àjọ ìjọba tó ń rí sí kọ́píráìtì ni o, kì í ṣe NCC onífóònù. Distributor kò ní bá yín gba ìyẹn.

Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ olórin, yálà ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Ọ̀mù-Àrán, kó wá orúkọ wọn lórí YouTube lónìí. Bí ẹ bá rí chánẹ́ẹ̀lì tí ọ̀rọ̀ "Topic" wà lẹ́yìn orúkọ náà, tí àwòrán inú rẹ̀ kò mira, ẹ ṣí àlàyé ìsàlẹ̀ fídíò. Ìlà àkọ́kọ́ á kọ ọ́ pé "Provided to YouTube by", orúkọ distributor tó gbé e wá ló tẹ̀lé e. Ìlà tó ní ℗ nísàlẹ̀ ni orúkọ ẹni tó ní òun lòun ni ín. Ẹ ya àwòrán méjèèjì sílẹ̀ kó tó di pé ẹnìkan yí i padà. Ẹ kọ̀wé sí distributor náà kẹ́ ẹ tó kọ sí YouTube, torí lọ́dọ̀ wọn ni àkáǹtì olè wà, àwọn ló sì lè yọ orin náà kúrò ní Spotify àti Boomplay pa pọ̀. Ẹ fi línkì orin kọ̀ọ̀kan sí i, àwòrán rẹ́kọ́ọ̀dù tàbí kásẹ́ẹ̀tì tí orúkọ olórin wà lára rẹ̀, àti ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ jogún rẹ̀.