Ẹsẹ̀ tí wọ́n so oríkèé rẹ̀ pọ̀ ṣì ń rìn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ so oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó ń dùn ún kò ní rìn mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oríkèé 3 tó wà nísàlẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi síkúrúù dè, kí eegun lè hù pọ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ gan-an ṣì ń ká sókè, ó ń ká sódò.

Mọ́mì mi ń tajà lọ́jà Àtàkúnmọ́sà, ní Iléṣà níbí. Sálúbàtà wọn a máa jẹ tán lápá inú. Tìmùtìmù inú bàtà ò ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́ kí wọ́n tó gbà fún iṣẹ́ abẹ yìí. Ọ̀sẹ̀ 6 gbáko ni wọn ò fi tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ìyẹn le, mi ò ní purọ́. Ní báyìí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sọ́jà. Ilẹ̀ gbágungbàgun ló kù tó ń yọ wọ́n lẹ́nu, torí ẹsẹ̀ ò lè dà sọ́tùn-ún sósì bíi tàtijọ́.